Ìdí àpótí géèmù àtijọ́ tí omi ti jẹ: bí a ṣe ń gé e, tí a sì ń fi pákó tuntun sí i

Ìdí ni omi ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ géèmù aláduró, irú èyí tí wọ́n ti fi ń ta Pac-Man láti ọdún 1980, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀, ì báà jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ló ti ń gbó bọ̀, lè máa dán lókè kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Ohun tó fà á kò ju pé ojú pákó ní ọ̀dà tàbí fọ́míkà lórí, ṣùgbọ́n etí ìsàlẹ̀ tó kanlẹ̀, níbi tí ayùn ti gé e, ìhòhò ló wà. Omi tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ lójoojúmọ́ tó láti bà á jẹ́, ká má tíì sọ omíyalé. Ẹni tó bá mọ ohun tí odò Ògùnpa ṣe ní 1980, tàbí tó rí omi oṣù kẹjọ ọdún 2011 ní Ìbàdàn, kò nílò àlàyé lórí ìyẹn.

Ọ̀pọ̀ káfíńtà ni yóò sọ pé kí ẹ má ṣèyọnu: wọ́n á po Top Bond mọ́ eruku pákó, wọ́n á fi dí i, wọ́n á kun ún lọ́dà. Ó máa ń dára lójú títí òjò tó ń bọ̀ yóò fi dé. Gúlúù funfun yẹn kì í bá omi ṣọ̀rẹ́, pákó tó ti rà lábẹ́ rẹ̀ kò sì ní nǹkan tí gúlúù lè dì mú. Ibi tó bá ti kú, gígé ni. Iṣẹ́ náà kò le tó bí ojú ṣe rí i, bí ẹ bá ṣe é létòlétò.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan pákó

Ẹ yọ okùn iná kúrò lára ògiri. Kí ẹ kàn pa súwíìṣì kò tó. Tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá tó wà nínú àpótí yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù jù: iná tó wà nínú gíláàsì rẹ̀ lè ṣì tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún fóòtì lẹ́yìn tí ẹ ti yọ okùn. Ẹ pe ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, kó tú iná náà sílẹ̀, kó sì bá yín gbé e jáde. Ẹ ṣọ́ ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Bí nǹkan bá gbá a tó ṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n náà ti di òkú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tú ilẹ̀kùn ibi tí owó ń wọ̀, pátákó bọ́tìnnì, gíláàsì iwájú àti rọ́bà tó yí etí pákó ká. Ẹ fi fóònù ya wáyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fà á yọ. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn àpótí yìí, orí pákó ìsàlẹ̀ gan-an ni wọ́n de tiransifọ́mà mọ́. Bí omi bá ti kàn án, ẹ má tan án wò, àní bí ó tilẹ̀ ti gbẹ lójú, àfi tí oníná bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo àkọlé ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà bákan náà: èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ ti fóòtì 110, iná tiwa yóò sì jó o bí kò bá sí tiransifọ́mà tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Àpótí tí gbogbo ẹrù rẹ̀ ṣì wà nínú lè kọjá kílò 100. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ti kúrò, èèyàn méjì tó láti fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ lórí fóòmù àtijọ́.

Irú pákó wo ni?

Ẹ wo etí rẹ̀ níbi tí rọ́bà ti kúrò. Plywood máa ń ní ìlà-ìlà, bí ìwé tí wọ́n tò léra. Chipboard jẹ́ hóró igi kéékèèké tí wọ́n fi gúlúù tẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń rí ságisági. MDF kúnná délẹ̀, kò ní ìlà, kò ní hóró. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, àpótí Amẹ́ríkà sábà máa ń nípọn tó 3/4 ínṣì, ìyẹn mílímítà 19.

Plywood ló ń gba àtúnṣe jù. Chipboard àti MDF tó bá ti wú kò ní padà sí bó ṣe wà, ẹ ò báà fi kíláǹpù dè é fún oṣù kan: hóró rẹ̀ ti jára wọn sílẹ̀, gúlúù tó so wọ́n pọ̀ ti kú.

Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ máa kan pákó náà díẹ̀díẹ̀ láti òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀. Ibi tó ṣì le yóò dún kó, kó. Nígbà tí ohùn bá yí padà tó wá ń dún bò, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀. Ẹ wá fi ẹnu sìkúrúdíráfà tẹ ibẹ̀ pẹ̀lú agbára ọwọ́ lásán. Bó bá wọlé ju mílímítà 3 lọ, ibẹ̀ ti rà. Ẹ wọn bó ṣe nípọn sí pẹ̀lú: bí ìsàlẹ̀ chipboard bá jẹ́ mílímítà 21 nígbà tí òkè jẹ́ 19, tó sì ṣì le, ẹ lè fi epoxy ṣíṣàn (gúlúù alápá méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ kó tó le) rẹ ẹ́ kó mu ún, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ayùn ló kàn.

Ẹ má ṣi ikán gbà fún omi. Omi máa ń mú pákó wú ni, ikán máa ń jẹ inú rẹ̀ kó ṣófo, á sì fi amọ̀ sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Bí ẹ bá rí amọ̀, ẹ wá ibi tó ti gba inú ilẹ̀ tàbí ògiri wọlé, kí ẹ fi oògùn ikán síbẹ̀ kí pákó tuntun tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oúnjẹ ni ẹ gbé wá fún un.

Gbígbẹ

Apá ibi yìí ló ń sú èèyàn, òun náà ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ẹ gbé àpótí sókè lórí búlọ́ọ̀kù kí afẹ́fẹ́ lè gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ kọ fáànù sí i. Ẹ má gbé e sínú oòrùn ọ̀sán: ojú kan yóò gbẹ ṣáájú èkejì, pákó yóò sì wọ́. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lè tó. Ní oṣù kẹfà tàbí ìkẹsàn-án, kó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kò jẹ́ tuntun.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ rèé. Ẹ yan ojú kan tó wú, ẹ sàmì sí i, kí ẹ máa wọn bó ṣe nípọn sí lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà náà bá ṣì ń rẹlẹ̀, omi ṣì ń jáde. Tí ẹ bá rí iye kan náà lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Pákó tí ẹ bá fi gúlúù àti ọ̀dà bò nígbà tó ṣì tutù yóò sún kì lẹ́yìn náà, ojú oríkèé, ìyẹn ibi tí pákó tuntun ti pàdé àtijọ́, yóò sì yọ síta bí àpá.

Bó bá ti bu, ẹ gbé e síta, ẹ bo imú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò, kí ẹ wá fi àkísà tí ẹ fún dáadáa nù ún pẹ̀lú omi ọṣẹ. Bí ẹ bá lo bílíìṣì, ẹ má pò ó mọ́ fínígà. Èéfín tó máa jáde níbẹ̀ lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá.

Plywood tó kàn ya

Bí ìpele rẹ̀ bá ṣì le tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n kàn jára sílẹ̀, ẹ kò nílò láti gé e. Ẹ fi igi ìṣáná há àárín kó yanu. Ẹ ra síríńjì 10 ml lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, kí ẹ fi fa epoxy tí kì í tètè le, kí ẹ sì máa tú u láti inú lọ́hùn-ún bọ̀ síta. Ẹ yọ igi ìṣáná. Ẹ fi ọ̀rá bo ojú méjèèjì, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ sí ẹ̀yìn ọ̀rá, kí ẹ wá fi kíláǹpù dè é ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10. Nígbà tí gúlúù bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bíńtín létí, ẹ dúró. Ẹni tó bá fún un títí gúlúù fi tán nínú rẹ̀ ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Gígé

Kí ayùn tó kan nǹkan kan, ẹ tẹ́ páálí ńlá sí ara ẹ̀gbẹ́ tó ṣì dára, kí ẹ fi pẹ́ńsù ya bó ṣe rí, títí kan ibi tó tẹ̀ àti ihò ẹsẹ̀. Bí ẹ bá yí páálí náà dà, ẹ̀gbẹ́ kejì nìyẹn. Tí ẹ bá gé e tán kí ẹ tó rántí páálí, ẹ ó máa fojú wọ̀n ọ́n ni.

Ẹ wá àmì pẹ́ńsù tó ga jù nínú gbogbo ibi tó rà, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 5 kún un sókè, kí ẹ fa ìlà kan gbọọrọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́ tẹ̀lé ibi tí omi dé kí wọ́n má bàa fi pákó tó dára ṣòfò. Ìlà wọn á wá lọ wọ́gọwọ̀gọ, pákó tuntun kò sì ní bá a mu láéláé. Ẹ jẹ́ kó ṣòfò.

Ẹ lẹ téèpù tí àwọn akùnlé ń lò mọ́ ojú ìlà náà kí àwòrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má bàa ya. Ẹ fi kíláǹpù de pákó gígùn kan mọ́ ọn kí ayùn lè máa fara tì í lọ. Ayùn oníná tí eyín rẹ̀ pọ̀, tó 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ló ń gé e láìhá a. Ẹ fi ayùn náà sí mílímítà 20 péré, nítorí igi ìdúró lè wà lẹ́yìn pákó yẹn tí ẹ kò fẹ́ gé.

Pákó tuntun

Ọjà pákó Bódìjà ní Ìbàdàn ni ẹ ó ti rí marine board mílímítà 18, ìyẹn plywood tí omi kì í tètè bà jẹ́. Odindi rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4; ìlàjì, ìyẹn 4 sí 4, tó fún ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti pákó ilẹ̀ inú rẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: bí ẹ bá rí ihò láàárín ìpele, ẹ yí i padà. Awọ pupa rúsúrúsú tó wà lójú rẹ̀ kì í jẹ́ kí gúlúù mú, nítorí náà gbogbo ibi tí gúlúù máa kàn, ẹ fi sáńpépà 80 ha á títí igi fúnra rẹ̀ yóò fi hàn.

Pákó àtijọ́ jẹ́ 19, tuntun jẹ́ 18. Mílímítà 1 yẹn máa ń dá wàhálà sílẹ̀ bí ẹ kò bá tètè mójú tó o. Ìta ni kí ẹ jẹ́ kó dọ́gba, níbi tí ojú ń rí. Kí àlàfo náà bọ́ sí inú, epoxy yóò dí i.

Ẹ má kàn fi ẹnu pákó kan ẹnu pákó kí ẹ ní ó ti parí. Ẹnu chipboard kò lágbára, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ wọ́ àpótí náà kọjá orí táìlì ni yóò já. Ẹ gé plywood mílímítà 12 tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ fi bo oríkèé náà láti inú: 7.5 lókè, 7.5 nísàlẹ̀. Ìṣó onílọ̀ọ́ 1 ínṣì, ìyẹn mílímítà 25, ni kí ẹ lò. 12 àti 19 jẹ́ 31. 25 yóò wọnú pákó ẹ̀gbẹ́ ní 13, kò sì ní yọ síta. Tí ẹ bá lo ínṣì kan ààbọ̀ torí pé òun ló wà nílẹ̀, imú rẹ̀ ni ẹ ó rí láàárín àwòrán. Ẹ kọ́kọ́ fi dírílì mílímítà 2.5 lu ihò, sẹ̀ǹtímítà 8 síra wọn, ìlà kan lókè oríkèé, ìlà kan nísàlẹ̀. Chipboard tí ẹ kò bá lu ihò sí yóò wú lójú ibi tí ìṣó wọ̀.

Ẹ tẹ́ ọ̀rá sórí tábìlì, ẹ to pákó méjèèjì, àtijọ́ àti tuntun, lé e, ojú ìta nísàlẹ̀. Ẹ po epoxy bí ara agolo rẹ̀ ṣe wí, fún ìṣẹ́jú 2 gbáko, kí ẹ máa ha ẹ̀gbẹ́ ike náà pọ̀ mọ́ ọn. Ibi tí kò bá pò pọ̀ kò ní le láé. Ẹ má pò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́sàn-án gangan ní Ìbàdàn, èyí tó wà nínú ike lè gbóná kó le kí ẹ tó lò ó dé ìdajì.

Ẹ fi fẹ́ẹ́rẹ́ kun ẹnu pákó méjèèjì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10. Ẹnu gbígbẹ máa ń mu gúlúù bí ẹni tó gbààwẹ̀. Tí ẹ bá kàn án pọ̀ lójú ẹsẹ̀, yóò fa gbogbo rẹ̀ wọnú, oríkèé yóò sì wà lófìfo. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 yẹn, ẹ po eruku pákó tí ẹ ti sẹ́ mọ́ ìyókù títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì, kí ẹ fi kun ún lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ kàn án pọ̀, kí ẹ fi plywood 12 bò ó, kí ẹ sì de ìṣó. Ẹ fi téèpù wọn àpótí náà láti igun dé igun ní ọ̀nà méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ bá ju mílímítà 3 lọ, ó ti wọ́. Ẹ tì í kó gún kí gúlúù tó le, nítorí lẹ́yìn èyí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò ní wọlé mọ́. Wákàtí 24 kí ẹ tó gbé e.

Pákó ilẹ̀ àti igun

Igi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, níbi tí ẹsẹ̀ ń wọ̀, ni ẹrù wà lé. Ìrókò tàbí ayin ni kí ẹ lò, ínṣì 2 sí 2. Wọ́n ń ta igi arère lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Bódìjà, kò wọ́n, ó rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n ó rọ̀, omi àti kòkòrò sì máa ń tètè mú un. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe nǹkan mìíràn.

Ẹ kun gbogbo etí pákó ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ní epoxy ṣíṣàn tàbí ọ̀dà olóróró, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ tó to wọ́n pọ̀. Tí wọ́n bá ti pọ̀ tán, búrọ́ọ̀ṣì kò ní dé àárín wọn, ibẹ̀ gan-an sì ni omi máa ń gbà padà wọlé.

Fílà àti ọ̀dà

Fílà, ìyẹn ohun ìdíhò tí àwọn páńẹ́lì bítà fi ń tún mọ́tò ṣe, ló dára jù fún ojú oríkèé, nítorí kì í fi bẹ́ẹ̀ sún kì. Háádínà rẹ̀, èyí tó ń mú un le, sábà máa ń jẹ́ bí ìdá 2 nínú 100: fílà tó bí òkèlè ẹ̀bà kan, háádínà bí hóró ẹ̀wà mẹ́ta. Àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba láìsí ìlà nínú. Bí háádínà bá pọ̀ jù, yóò le lórí ọ̀bẹ tí ẹ mú lọ́wọ́. Bó bá kéré, yóò máa lẹ̀ mọ́ sáńpépà títí. Ẹ fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tó fẹ̀ fà á kọjá oríkèé, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 lápá méjèèjì. Sáńpépà 80, lẹ́yìn náà 120, 180, kí ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú 240, tí ẹ fi wé igi pẹrẹsẹ. Èyí tí ẹ bá fi ìka dì mú yóò gbẹ́ kòtò. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rá lójú pákó, ibi tó lọ sókè-sódò yóò ní òjìji. Ẹ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó kun páráímà.

Páńẹ́lì bítà náà lè bá yín fín ọ̀dà dúdú. Bí àwòrán ẹ̀gbẹ́ bá ti gé nísàlẹ̀, ẹ ya ìyókù ní fọ́tò tó gún régé, kí ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń tẹ sítíkà ní Mókọ́lá. Ẹ ní kí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 1 kún un níhà gbogbo, èyí tó ṣẹ́kù ni ẹ ó fi abẹ gé dànù.

Rọ́bà etí máa ń wọnú ihò tóóró kan tó fẹ̀ tó bíi mílímítà 2. Láti ojú ìta ni kí ẹ ti wọn ibi tí ihò náà wà lára pákó àtijọ́, kí ẹ fi ìwọ̀n kan náà ya ti tuntun. Bí ẹ bá pín pákó tuntun sí méjì lọ́gbọọgba, mílímítà 1 àná yẹn yóò mú kí ihò méjèèjì ṣe tìrẹ̀rẹ́, rọ́bà yóò sì máa yọ lẹ́nu oríkèé. Rọ́bà tó ti le kì í fẹ́ tẹ̀. Ẹ kó o sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi òòlù onírọ́bà gbá a wọlé láti òkè wá sísàlẹ̀.

Ẹsẹ̀ onílọ̀ọ́ ló kẹ́yìn. Ẹ yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè títí ìsàlẹ̀ pákó yóò fi ga ju ilẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 3 ó kéré tán, ẹ fi léfẹ̀lì wò ó, kí ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ sọ fún ẹni tó ń nu ilẹ̀ pé kó fún àkísà rẹ̀ dáadáa kó tó dé ibẹ̀.